Bàbá Bindeshri Tí Í Lọ Mú Wa Wálé

Ìgbà ìkẹyìn tí mo gbọ́ ohùn Bàbá Bindeshri, dókítà ló ń bá dúnàádúrà. Lórí fóònù la wà, èmi nílé mi ní Samastipur, òun lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ní Darbhanga. Dókítà ní ọ̀sẹ̀ kan ló máa lò níbẹ̀. Bàbá ní àárọ̀ ọ̀la lòun ń lọ. Dókítà ní ó dáa, kó lo ọjọ́ márùn-ún. Mo gbọ́ tí Bàbá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tó ti mọ ibi tí ọjà máa já sí. Ó wá kọjú sí fóònù, ó ní, "Sugiya, dúró ná. Jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọmọkùnrin yìí." Mo dúró. Mo gbé fóònù mọ́ etí títí ìpè náà fi já. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa tí wọ́n fi pè wá. Àárọ̀ ọ̀la tó ní òun máa lọ náà ló lọ.

Ohun tó ń lé e kúrò níbẹ̀ kò ju Kusum lọ, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹ̀ẹ̀rùn ti dé, Kusum sì ń retí rẹ̀ nílé ọkọ. Lọ́dọ̀ tiwa, obìnrin tó ti relé ọkọ kì í dá ara rẹ̀ gbé wá sílé bàbá rẹ̀. Ẹnìkan láti ilé wọn ló máa wá jókòó níwájú àwọn àna, tó máa tọrọ rẹ̀, kí wọ́n tó yọ̀ǹda rẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tó lọ, máńgòrò á pọ́n, á sì jẹrà, obìnrin náà á ṣì wà nídìí ààrò ìyá ọkọ. Bàbá Bindeshri ló ń lọ mú àwọn obìnrin ilé wa. Iṣẹ́ tó yàn láàyò nìyẹn. Oko tó ń ro, ó kàn fi ń dúró de ẹ̀ẹ̀rùn ni.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni. Bí ẹ bá dé agbègbè wa, tí ẹ bá dárúkọ rẹ̀, ìtàn kan ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún yín, ìtàn òun àti ìyá bàbá mi, Rajmuni. Rajmuni kò ṣeé ná. Bí o bá tọrọ omi lọ́wọ́ rẹ̀, á kọ́kọ́ bi ọ́ pé kí lo fi ti àná ṣe.

Mo kéré nígbà náà, mo wà ní kíláàsì kejì. Iléèwé ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọlidé ni Bàbá yọ sí wa, ó ti fi òróró yí tubọ̀mu rẹ̀ sókè, ó gbé ìkòkò wàrà dídì lọ́wọ́. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun wá mú àbúrò òun àti àwọn ọmọ rẹ̀. Rajmuni ní ọ̀sẹ̀ kan. Bàbá ní ó di ìgbà tí òjò bá dé. Rajmuni ní ta ni yóò máa dáná fún òun. Bàbá ní ta ló ń dáná fún un kí wọ́n tó gbé ìyàwó yìí wálé. Báyìí ni wọ́n ṣe títí àwọn màlúù fi ti pápá dé. Nínú ilé, ìyá mi ti di ẹrù, ó ti tú u, ó ti tún un dì. Àwa ọmọ jókòó lé àpótí lórí kí ẹnikẹ́ni má baà tún un tú.

Nígbà tó rẹ Rajmuni, ó ní, "Ṣebí torí máńgòrò ni gbogbo ariwo yìí? Ó dáa. Ọjọ́ tí máńgòrò bá tán lórí igi ẹ̀gbẹ́ kànga yín, ọjọ́ náà ni kí ìyàwó mi padà."

Bàbá tẹ̀ ba, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀, ó dúpẹ́. Ó yára dúpẹ́ débi pé Rajmuni ti ń fura kí a tó dé ọ̀nà rélùwéè.

Bàbá kìlọ̀ fún wa pé igi mìíràn ni kí a máa jẹ. Ṣùgbọ́n ta ló ń bá ọmọdé sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Igi ẹ̀gbẹ́ kànga ló dùn jù. Láàárọ̀ ọjọ́ kan Bàbá jáde, ó gbójú sókè, máńgòrò ku ẹyọ kan. Ó pè wá jọ. Kò jágbe mọ́ wa. Ó kàn tọ́ka sókè, ó ní ìyá wa ló so rọ̀ síbẹ̀ yẹn. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọmọ tó tún fojú burúkú wo máńgòrò náà.

Ó hun agbọ̀n kékeré bò ó nítorí àdán. Ó so agolo mọ́ ẹ̀ka nítorí ẹyẹ. Ó gbé ibùsùn rẹ̀ síbẹ̀ nítorí ọ̀bọ, ó mú ọ̀pá dání. Ìyàwó rẹ̀, Sonmati, dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń wò ó. Ó ní nígbà tí òun lóyún Kusum sínú, kò sí ẹni tó ṣọ́ òun tó báyìí.

Iléèwé wọlé. Rajmuni ránṣẹ́. Bàbá ní kí wọ́n sọ fún un pé ó ṣì ku ẹyọ kan lórí igi. Ó tún ránṣẹ́. Bàbá tún ní ó ṣì ku. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, Rajmuni kò ránṣẹ́ mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló wọ rélùwéè. Ó wọ àgbàlá, kò gba àga, kò gba omi, ìdí kànga ló gbà lọ. Lóòótọ́, máńgòrò wà níbẹ̀, ó ti súnkì bí ojú arúgbó. Rajmuni na ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀, ó rọra tì í. Máńgòrò bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ó ń yí lọ, ó ń yí bọ̀, bí ohun tí wọ́n fi òwú so rọ̀. Òwú sì ni lóòótọ́. Máńgòrò náà ti já bọ́ láti ọjọ́ òjò, Bàbá ló fi òwú so ó padà.

Bàbá ń wo ojú ọ̀run.

"Bindeshri," Rajmuni ní, "ìgbà wo ni igi kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán?"

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ sọ pé ọjọ́ tó bá tán lórí igi. Ẹ wò ó dáadáa. Ṣé kò sí lórí igi ni?"

Rajmuni jókòó sórí ibùsùn Bàbá, ó ní kí wọ́n fún òun lómi. Ẹnu rẹ̀ ń gbọ̀n, a rò pé inú ló ń bí i, àfi ìgbà tó bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn omi, ó ní kí wọ́n bu oúnjẹ wá. Lẹ́yìn oúnjẹ, ó ní ilé náà tutù, òun kò kánjú lọ. Nígbà tó yá, àwa ọmọ la wá ń bẹ Rajmuni pé kó jẹ́ ká padà sílé, tíṣà máa nà wá.

Ilé náà kò tutù o. Ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn, atẹ́gùn tó ń fẹ́ níta dà bí ẹni ṣí ẹnu ààrò. A ó ti ilẹ̀kùn, gbogbo ọmọ á nà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá gígùn, a ó tò bí ẹja tí wọ́n sá. Bàbá ní ọmọ tó bá wá sílé òun kò gbọdọ̀ làágùn. Ó fi ọparun so aṣọ ìbora ńlá kan rọ̀ sí àjà, ó ti ojú fèrèsé fa okùn rẹ̀ síta, ó so ó mọ́ ewúrẹ́. Ó wá fi ewé tútù kọ́ sókè díẹ̀ ju ẹnu ewúrẹ́ lọ. Bí ewúrẹ́ bá ti fò mọ́ ewé, okùn á fà, aṣọ á fẹ́ wa. Ó sì ṣiṣẹ́. Bàbá lọ́ tubọ̀mu rẹ̀, ó ní àwọn ará ìlú ńlá kàn ń fowó iná ṣòfò ni. A sùn lọ. Nígbà tí a jí, aṣọ ṣì ń fẹ́ lẹ́rẹ́lẹ́rẹ́. Ewúrẹ́ ń sùn láàárín wa. Bàbá ló wà níta tó ń fa okùn.

Bó bá di ìrọ̀lẹ́, Sonmati á kó máńgòrò tó ti rẹ sínú bàkẹ́ẹ̀tì omi kànga jáde, a ó fi ẹnu fà á, omi rẹ̀ á máa ṣàn dé ìgúnpá, Bàbá á sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn ọ̀nì kan tí wọ́n jọ jà nínú odò Kamala nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ọ̀nì náà gùn tó ibùsùn. Lọ́dún kejì ó tó ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tí mo ń di ọmọge, ìrù rẹ̀ wà nínú odò, orí rẹ̀ ti wọ abúlé kejì. Ẹni tó bá jiyàn, Bàbá á ní, "Ṣé o wà níbẹ̀?" Sonmati kò jiyàn rí. Ó kàn ní bó bá tún dàgbà lọ́dún tó ń bọ̀, kí ọkọ òun yáa lọ ya ilẹ̀ fún un.

Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo bi í léèrè ìdí tó fi ń ṣe orí kunkun tó bẹ́ẹ̀ nítorí wíwálé wa. Ó gbé ohun tó ń tún ṣe sílẹ̀. Ó ní ìyá òun, ìyá àgbà mi, àwọn arákùnrin rẹ̀ kì í ráyè wá mú un. Lọ́dọọdún lobìnrin náà ń gun òkè ilé, á máa wo ọ̀nà, òun kékeré á dúró tì í. "Kò sunkún rí," Bàbá ní. "Ó kàn máa ń sọ pé bóyá wọ́n wà lọ́nà. Mo wá pinnu pé kò sí obìnrin kan tó tinú ilé yìí jáde tó máa tún wo ọ̀nà lásán." Ó tún mú ohun tó ń ṣe.

Nígbà tí Kusum relé ọkọ, Bàbá pàdé akẹgbẹ́ rẹ̀. Bàbá ọkọ Kusum, Ramsewak, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, kò sì sí ohun tí tíṣà kò lè fà gùn. Ẹ sì mọ̀ pé lọ́dọ̀ tiwa, bàbá kì í jẹ, kì í mu nílé ọkọ ọmọ rẹ̀, bó ṣe omi lásán. Ramsewak náà mọ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́, ó kí Bàbá títí, ó béèrè oko, ó béèrè màlúù lọ́kọ̀ọ̀kan, oòrùn ń ta, ahọ́n Bàbá lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Òùngbẹ ló jẹ́ kó gba ọ̀sẹ̀ kan péré fún Kusum. Lọ́dún kejì ó gbé ìkòkò omi tirẹ̀ dání, Ramsewak fa ọ̀rọ̀ gùn títí omi fi tán.

Lọ́dún kẹta, Bàbá wọ̀lú pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ẹrù tí akọ màlúù ń fà, dúrọ́ọ̀mù omi ńlá wà lórí rẹ̀, ẹní, agbòòrùn, ìyẹ̀fun ẹ̀wà sísun àti aṣọ ìpààrọ̀. Ó tẹ́ ẹní sẹ́nu géètì. Ó ní kí Ramsewak má kánjú rárá, kó sọ̀rọ̀ débi tó bá wù ú. Ní ọjọ́ kejì, ìyá ọkọ Kusum bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó jọ̀wọ́ yọ̀ǹda ọmọ ọlọ́mọ, àwọn aládùúgbò ti ń gbé korobá wá sídìí dúrọ́ọ̀mù.

Bó ṣe ń lọ nìyẹn lọ́dọọdún, títí orúnkún rẹ̀ fi kọ̀ jálẹ̀. Nígbà tí orúnkún kọ̀, ó ní kí wọ́n gbé òun sínú kẹ̀kẹ́.

Nígbà tó kú, wọ́n mú Kusum wá fún ètùtù ìsìnkú, wọ́n sì mú un padà bí ètùtù ṣe parí. Ìyẹn kì í ṣe wíwálé, ẹkún ló wá sun. Ẹ̀ẹ̀rùn ti tún dé báyìí. Sonmati nìkan ló wà nínú ilé náà, máńgòrò ń já lulẹ̀, kò sí ẹni tó ń ṣà á. Mo pe àbúrò mi ọkùnrin ní Surat, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, pé kó wá lọ mú Kusum. Ó ní ọ̀gá òun kò fún òun láyè. Ó ní ayé ti là, kí Kusum wọ bọ́ọ̀sì.

Mo sọ ọ́ fún Kusum. Ó ní lórí fóònù, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹsẹ̀ mi kò ṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá dá wá, wọ́n á ní n kò lẹ́nì kankan mọ́."

Mo ní kó di ẹrù rẹ̀, èmi ń bọ̀. Ìyàwó àbúrò mi ní obìnrin kì í lọ mú obìnrin, pàápàá opó bíi tèmi. Mo gbọ́ ohun tó sọ. Mo wọ bàtà mi.

Ramsewak ti darúgbó. Ó jókòó sórí àga rẹ̀, mo jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, mo tọrọ ọmọ. Dípò kó dá mi lóhùn, ìtàn Bàbá Bindeshri ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi, bí ẹni pé n kò mọ̀ ọ́n rí. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó yá, omi náà ń bọ́, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní láti ọjọ́ tí ọkùnrin yẹn ti lọ, kò sí ẹnì kan tó tún bá òun jà dáadáa. Lẹ́yìn náà ló nu ojú, ó ní òun kò lè fa ọmọ lé obìnrin lọ́wọ́, kí n lọ wá ọkùnrin wá.

Mo ní n kò ní lọ wá ọkùnrin. Mo ní Ọjọ́bọ̀ ni mo tún ń bọ̀, bó bá sì kọ̀, mo tún ń bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì. Bí mo ṣe ń jáde, Kusum dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ẹrù rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó wò mí, mo wò ó. Mo ti gbá àgbàlá bàbá rẹ̀ dè é, mo ti sá ibùsùn sóòrùn, Sonmati ti ra ìrẹsì.

Kusum kò tíì wálé.