Ìròyìn Ilé Tí A Gun Àpáta Lọ Sọ fún Fèyí

Nítorí àga ni ìjà náà. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ tí ẹ kò tíì dáyé nígbà náà kọ́kọ́ gbọ́ ìyẹn kí ẹ tó gbọ́ ìró ìbọn, nítorí tí ẹ bá bi àwọn àgbà léèrè, wọn á wúkọ́, wọn á ní ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀. Kò jinlẹ̀ rárá. Wọ́n gbẹ́ kànga ẹ̀rọ kan ní ìtòsí ilé wa ní Ìkàrẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣí i, wọ́n ta tapólì, wọ́n to àga onírọ́bà, wọ́n wá gbé àga onítìmùtìmù kan sí àárín. Àgbà àdúgbò òkè ní òun lòun máa jókòó níbẹ̀. Àgbà àdúgbò ìsàlẹ̀ ní kó dán an wò. Omi kò tíì jáde nínú ẹ̀rọ náà tí ẹ̀jẹ̀ ti jáde.

Mi ò sí níbẹ̀. Ilé ni mo wà ní Ọjọ́bọ̀ yẹn pẹ̀lú ìyá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Àgbà. À ń bó ẹ̀gúsí lọ́wọ́, a sì ń kó ìròyìn jọ fún Fèyí. Fèyíṣayọ̀ ni àkọ́bí wa. Ìjọ wa ló rán an lọ sí Gánà fún ọdún méjì, pé kí òun àtàwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ máa wàásù láti ilé dé ilé. Òfin wọn le ju ti ṣọ́jà lọ: ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé nìkan ni wọ́n lè bá òbí wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Nítorí náà, láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun la ti máa ń ṣa ìròyìn jọ bí ẹni ń ṣa igi ìdáná. Ewúrẹ́ fẹ́ bímọ. Olórí akọrin tún ti bá ẹni tó ń tẹ dùùrù jà. Tó bá kan Màmá Àgbà, wọn á gbé fóònù jìnnà sí etí, wọn á máa pariwo bí ẹni pé ohùn wọn ló máa fẹsẹ̀ rìn dé Gánà: "Fèyí! Ṣé o ti jẹun?"

Iṣẹ́ tèmi ni láti bú u. Bíṣọ́ọ̀bù ni mo sọ ọ́. "Bíṣọ́ọ̀bù, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ṣé ẹ ti ń fọ abọ́ tí ẹ fi ń jẹun, àbí àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ Gánà ló ń bá yín fọ̀ ọ́?" Á rẹ́rìn-ín títí owó fóònù á fi tán. Bí mo ṣe ń ṣe fún gbogbo ènìyàn nìyẹn, nílé àti nílé ìwé tí mo ti ń ṣe tíṣà. Ẹni tí mo bá fẹ́ràn ni mo máa ń bú.

Ìró kan dún. Màmá Àgbà ní táyà ló bẹ́. Òmíràn dún.

"Táyà méjì lẹ́ẹ̀kan náà, Màmá?"

Wọ́n wò mí. Wọ́n da ẹ̀gúsí sínú abọ́ irin, wọ́n fi ọmọrí dé e, wọ́n gbé e sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, bí ẹni pé a máa bó ìyókù lọ́la.

Bàbá Fèyí sáré wọlé. Ọkùnrin tí kì í sáré ni, kódà bí òjò bá ká a mọ́ ọ̀nà. Ó ti ilẹ̀kùn, ó ní ká dojú bolẹ̀. Ní gbogbo òru yẹn, páànù òrùlé àwọn aládùúgbò ń já lulẹ̀ nínú iná, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ariwo tirẹ̀. Òórùn bẹntiróòlù gba ihò kọ́kọ́rọ́ wọlé. Gààrí gbígbẹ la jẹ, nítorí omi ti tán nínú kòkò, kò sì sẹ́ni tó lè jáde lọ pọn. Ẹ sì rántí o, kànga ẹ̀rọ tuntun wà lẹ́yìn ògiri wa.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Alhaji tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa kan ilẹ̀kùn. Ọmọ àdúgbò kejì tó ń bá tiwa jà ni. Ẹran Iléyá rẹ̀ kì í jinná kó má dé ilé wa, ìrẹsì Kérésì wa kì í jinná kó má dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ti bárò tí wọ́n fi ń ru iyanrìn wá.

"Ẹ máa lọ," ló wí. "Mo ti dá àwọn ọmọ yìí dúró lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n á gbọ́ tèmi tí wọ́n bá tún padà wá. Ẹ fi èyí gbé Màmá."

Ọ̀kà ni wọ́n bí Màmá Àgbà sí, nítorí náà Ọ̀kà la dorí kọ. A tẹ́ aṣọ sínú bárò, a gbé wọn sí i, Bàbá Fèyí ń tì í. Mo di oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn sínú ọ̀rá, mo fi sínú báàgì.

"Mo ti wọ mọ́tò rí," ni Màmá Àgbà wí, "mo ti gun ọ̀kadà. Bárò ló kù. Ẹ sọ fún Fèyí lọ́jọ́ Ajé pé mo ra ọkọ̀."

Bàtà kún ojú ọ̀nà, ẹsẹ̀ kan níbí, ẹsẹ̀ kan lọ́hùn-ún. Ní iwájú ilé kan, ìkòkò ẹ̀wà wà lórí iná, ó ń hó, kò sí ẹnì kankan nídìí rẹ̀.

Ká tó dé Àkùngbá, wọ́n ti gbé igi dábùú ọ̀nà. Àwọn ọmọkùnrin tó fi èédú kun ojú dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àdá àti ìbọn ṣakabùlà.

"Ẹ dúró! Àdúgbò wo lẹ ti wá?"

Mo mọ ohùn náà. Gbénga ni. Mo ti kọ́ ọ nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kọmíṣọ́nà ni mo máa ń pè é, nítorí ìgbà tí gbogbo ènìyàn bá ti jókòó tán ló máa ń dé.

"Kọmíṣọ́nà," ni mo wí, "ṣé èmi lò ń bi léèrè àdúgbò?"

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Àṣẹ ni."

"Àṣẹ ta ni?"

Ó wo igbó bí ẹni pé ibẹ̀ ni aláṣẹ wà. "Ọ̀gá wa ń bọ̀. Òun ló máa sọ bóyá kí ẹ kọjá."

Wọ́n tú báàgì wa. Ẹnì kan ta ọ̀rá oògùn nípàá, hóró oògùn dà sínú eruku, wọ́n sì ń gba orí rẹ̀ kọjá lọ, kọjá bọ̀. Oòrùn dúró lórí wa. Màmá Àgbà wà nínú irin bárò tó ti gbóná bí agbada. Wọ́n bẹ̀bẹ̀ fún omi. Kẹ́ẹ̀gì omi wà lẹ́sẹ̀ Gbénga.

"Ọmọ mi, fún mi lómi."

Ó wo kẹ́ẹ̀gì. Ó wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó gbé ojú sókè.

"Gbénga," ni Bàbá Fèyí wí, "ìyá àgbà ni. Kí ni wọ́n fẹ́ fi àga ṣe?"

Ọ̀gá wọn kò sì wá. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, ebi pa wọ́n, wọ́n túká lọ wá oúnjẹ. Ohun tó ṣí ọ̀nà fún wa nìyẹn o: ẹ̀bà. Kì í ṣe ẹ̀rí ọkàn.

Ẹnu Màmá Àgbà ti wọ́ sápá kan nígbà tí a fi dé ilé àwọn ẹ̀gbọ́n wọn ní ìsàlẹ̀ àpáta, ní Ọ̀kà. A ń fi ṣíbí fún wọn lómi, ó ń ṣàn jáde. Wọ́n kú láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì ń dún. A tú ilẹ̀kùn kan, a fi pákó rẹ̀ ṣe pósí, a sin wọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ Fèyí dé, nítorí ọ̀la ni ọjọ́ Ajé. Àwọn ẹbí Ọ̀kà ní a kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lókèèrè. Pásítọ̀ wa, tí òun náà ti sá dé Ọ̀kà, ní ìròyìn ayọ̀ nìkan ni òbí ẹni tí a rán níṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́.

"Ìyá Fèyí, ọmọ yẹn ti fi ọwọ́ lé ohun èlò ìtúlẹ̀. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó wẹ̀yìn. Tó bá sá bọ̀ wálé, ọkàn mélòó ló máa ṣègbé?"

Mo fẹ́ bi í pé ọkàn Màmá Àgbà ńkọ́. Rédíò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ń sọ pé àlàáfíà ti jọba ní Ìkàrẹ́, èéfín Ìkàrẹ́ sì wà lójú ọ̀run. Inú bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò lè jẹun tí wọ́n gbé síwájú mi. Wọ́n ti fi omi du ìyá arúgbó títí ó fi kú, ó wá kù kí gbogbo ayé para pọ̀ bo ẹnu mi.

Orí àpáta nìkan ni fóònù ti ń rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní Ọ̀kà nígbà náà. Lọ́jọ́ Ajé, a gba iná sí i nílé agẹrun tó ní jẹnẹrétọ̀, a gùnkè. Fóònù dún lásìkò tó máa ń dún. Bàbá Fèyí ló gbé e.

"Dádì, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o! Ilé ńkọ́?"

"Àlàáfíà la wà."

"Ewúrẹ́ ti bí?"

"Ó ti bí. Ìbejì ni." Àwọn kan ti sun ewúrẹ́ náà jẹ láti ọjọ́ Ẹtì.

"Ẹ fún mi ní Màmá Àgbà."

"Wọ́n ń sùn." Ó ti fóònù sí mi lọ́wọ́ bí ẹyin iná.

"Fèyíṣayọ̀, ọmọ mi," ni mo wí. "Báwo lara? Ṣé ò ń jẹun dáadáa? Jọ̀ọ́, máa tọ́jú ara rẹ. Olúwa á máa ṣọ́ ọ."

"Mọ́mì."

"Hùn."

"Ẹ ò pè mí ní Bíṣọ́ọ̀bù." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ta ló kú?"

Bàbá Fèyí ń mi orí sí mi. Mo wo èéfín náà.

"Màmá Àgbà."

Mo wo ojú fóònù bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ.

"Kí ló pa wọ́n?"

Ẹ̀jẹ̀ ríru? Òùngbẹ? Oòrùn?

"Àga," ni mo wí. "Àga ló pa wọ́n."

Mo wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí kànga ẹ̀rọ dé orí kẹ́ẹ̀gì omi. Ó sunkún. Ó ní ṣé kí òun máa bọ̀ wálé.

"Ilé wo? Bíṣọ́ọ̀bù, ẹ jókòó sí Gánà kí ẹ fọ abọ́ yín. Bí ẹ bá wá síbí, inú bárò la máa gbé ẹ̀yin náà sí."

Ó rẹ́rìn-ín nínú ẹkún, èmi náà sì bú sẹ́kún níkẹyìn. Ó parí ọdún méjì rẹ̀. Pásítọ̀ kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Nígbà tí àwọn ṣọ́jà wọ Ìkàrẹ́ tí ìbọn dákẹ́, a padà. Kò sí ìró odó, kò sí ewúrẹ́, kò sí ọmọ tó ń sunkún. Ilé wa kò ní òrùlé mọ́. Abọ́ irin wà ní ẹ̀yìn ibi tí ilẹ̀kùn wà rí, ẹ̀gúsí inú rẹ̀ ti jó di èédú. Wọ́n ṣe ìpàdé àlàáfíà. Wọ́n to àga yíká kí ẹnikẹ́ni má baà wà láàárín. Ọgbọ́n yẹn wà nílẹ̀ kí Màmá Àgbà tó kú! Àwọn àgbà méjèèjì bọ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n mu ohun mímu. A kò bi ẹnikẹ́ni léèrè nǹkan kan.

Lọ́dún tó kọjá, ọkùnrin kan mú ọmọ rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì mi pé kí n gbà á sílé ìwé. Èmi ni ọ̀gá ilé ìwé náà báyìí. Gbénga ni. Ó ti hu irùngbọ̀n. Mo bi ọmọ náà lórúkọ, mo ní imú rẹ̀ dà bí ti alákàrà tó ń gbọ́ òórùn epo, ọmọ náà rẹ́rìn-ín.

"Ẹ kú iṣẹ́, Tíṣà," ni bàbá rẹ̀ wí.

"Ẹ ṣeun, Ọ̀gbẹ́ni Gbénga."

"Tíṣà, ẹ máa ń pè mí ní Kọmíṣọ́nà."

Mo na ọwọ́ sí àga tó wà níwájú mi pé kó jókòó. Ó wo àga náà. Títí tí mo fi gba ọmọ rẹ̀ sílé ìwé tán, orí ìdúró ló wà.