Ijó Tí Wọ́n Jó ní Bọ́mà

Lọ́jọ́ ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìkìrun, ijó ni gbogbo ìjọ máa ń jó lọ síwájú pẹpẹ, àfi ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Wọ́n á ṣí fìlà, wọ́n á máa rìn bí ẹni tó ń tẹ̀lé pósí. Àwọn kan ní ìgbéraga sójà ni, torí pé wọ́n ja ogun Bọ́mà. Bí a bá sì yin báńgà ní Kérésì, wọ́n á yọrí lójú fèrèsé: “Ta ló wà níbi tó bọ́ sí?”

Nígbà tí mo ń kọ́ni ní ìtàn ní Òkukù, mo mú àwòrán ìlú Jàpáánù tí bọ́ǹbù átọ́míìkì pa run wálé, mo fi han ẹ̀gbọ́n bàbá mi yìí. Wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n ní:

“Inú igbó Bọ́mà la wà tí ọ̀gá wa fi kéde pé bọ́ǹbù kan ṣoṣo ti pa odindi ìlú run. A mọ̀ pé a ó fojú kan ilé nìyẹn. Mo jó títí bàtà fi já lẹ́sẹ̀ mi. Ìgbà tí mo délé ni mo gbọ́ pé ìyá ọlọ́mọ àti ọmọ ọwọ́ ló kún ibẹ̀.”

Mo ní, “Bàbá, bí wọn ò bá jù ú, ẹ̀yin náà lè ti kú síbẹ̀.”

“Ó lè jẹ́ òótọ́. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.”

“Ẹ̀yin kọ́ lẹ sáà jù ú.”

“Èmi kọ́. Ṣùgbọ́n èmi ni mo jó sí i.”

Nígbà tí wọ́n kú, òkú àgbà ni, ijó ni gbogbo ẹbí ń jó tẹ̀lé pósí. Mo gbìyànjú, ẹsẹ̀ mi kọ̀. Mo ṣí fìlà, mo ń rìn.