Ààlè Tí Alfa Jàmíù Kò Gbà Gbọ́

Aránṣọ ni Alfa Jàmíù kó tó di ọ̀gá àwọn ọ̀dọ́ mọ́ṣáláṣí. Kò mu sìgá rí, kò mutí rí, kò sì fojú kan ewé igbó rí láyé ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí fi ní òun ló mọ́ jù, kó máa kó àwọn ọ̀dọ́ lẹ́yìn lọ tu gbogbo igbó tí wọ́n bá gbìn yí Ìwó ká. Haráàmù ni, mi ò bá wọn jiyàn. Ẹni tó rán afọ́jú lọ ṣa ẹ̀wà ni mò ń bá wí.

"Ewé ẹ̀ ní ìka bí ọwọ́ èèyàn," ló kọ́ wọn. "Ẹ bá ti rí ìka, ẹ fà á tu."

Lọ́jọ́ tí wọ́n gba ọ̀nà Olúpọ̀nnà, oko Ògúnbáyọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ dé. Òórùn igbó gba gbogbo ibẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n Ògúnbáyọ̀ ti pa ààlè sẹ́nu oko: ìkarahun ìgbín àti àkísà pupa, pé ẹni tó bá fọwọ́ kan nǹkan òun á rí i. Alfa tó máa ń wàásù pé ààlè kò já mọ́ nǹkan kan wá dúró sójú kan.

"Ẹ̀sìn ò ní ká wọlé onílé láìgba àṣẹ," ló wí. "Bí ilé ṣe rí náà loko rí."

Ni wọ́n bá yà sóko ẹ̀gẹ́ Sẹ̀gilọlá, opó tó bá Ògúnbáyọ̀ pààlà. Ewé ẹ̀gẹ́ náà ní ìka. Wọ́n ti fa ìdajì tu kí obìnrin náà tó sáré dé, tó kúnlẹ̀.

"Alfa, ẹ ṣàánú mi, ẹ̀gẹ́ ni! Gààrí tí èmi àtàwọn ọmọ máa jẹ lọ́dún yìí nìyí o!"

Jàmíù wo ewé náà títí. Ó mọ̀, ó kàn ń tijú àwọn tó kọ́ ni.

"Ẹ̀gbọ́n, bí gbogbo wọn ṣe ń wí nìyẹn. A máa parí ìyókù lọ́la."

Inú bí mi nígbà tí mo gbọ́. Sẹ̀gilọlá kì í pa àsàlátù jẹ, síbẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ṣa ìkarahun lórí ààtàn, ó ya etí ìró pupa, ó gbé e kọ́ sẹ́nu oko. Kò pe ọfọ̀ sí i. Kò mọ ìkankan. Nígbà tí wọ́n dé láàárọ̀, Alfa ní òjò ti ṣú, kí wọ́n máa lọ. Oòrùn ń ta wọ́n lórí bí wọ́n ṣe ń gun ọ̀kadà.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó wàásù pé ẹni tó bá pa ààlè ti mú orogún mọ́ Ọlọ́run. Sẹ̀gilọlá tẹrí ba láàárín àwọn obìnrin, ojú ń tì í.

Wọ́n kírun tán, Alfa dúró dè é nídìí bàtà.

"Ẹ̀gbọ́n," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ọ̀nà Kuta làwọn ọmọ yìí ń lọ lọ́la, èmi náà gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìkarahun yẹn ṣẹ́kù nílé?"