Sítíárín Ìyá Àgbà Tó Ń Yí Sódì

Ìyá àgbà ti ki orí bọ abẹ́ àpótí tí wọ́n kàn sáàárín ọkọ̀ ẹ̀, ìdí ìró ẹ̀ àti àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ nìkan là ń rí níta. À ń gbọ́ bó ṣe ń fa imú níbẹ̀, bí ajá tó ń wá eku. Kápẹ́ńtà dúró tì í, òòlù wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ọ̀dà tí wọ́n fi kun ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ò tíì gbẹ, òórùn ẹ̀ ń ta èèyàn nímú. Láti òdìkejì omi, níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú, ariwo ayùn ń bọ̀ wá bá wa. Á dún, á dákẹ́, á tún dún.

"Kí ni ihò yìí wà fún?" Inú àpótí ni ohùn ẹ̀ ti jáde, bí ohùn ẹni tó wà nínú kànga.

"Okùn ló máa gba ibẹ̀ kọjá, ìyá."

"Okùn nìkan?"

"Okùn nìkan ni, ìyá. Kí ló tún fẹ́ gba ibẹ̀?"

"Èmi kọ́ ni mo lu ihò. Ìwọ tó o lu ú ni mò ń bi."

Etí omi Bàrígà là ń sọ yẹn, nígbà tí mo ṣì kéré. Afárá gígùn tó wà lórí ọ̀sà yẹn ò tíì sí. Ìyá tó bí ìyá mi ni mò ń sọ, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni mo dàgbà sí. Ó ní ọkọ̀ pákó kékeré kan tó ní ẹ́ńjìn nídìí. Ọkọ ẹ̀ ló fi í sílẹ̀ fún un nígbà tó kú. Tílẹ̀ bá ti mọ́, a máa lọ bá àwọn apẹja láàárín ọ̀sà, á ra òbòkún, á ra èpìyà, a máa gbé e wálé, á yan án, á tà á. Ohun tá à ń jẹ nìyẹn. Kò sí òmíì.

Bí wọ́n ṣe ń wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn, ìdí ọkọ̀ lèèyàn máa jókòó sí, á na ọwọ́ sẹ́yìn, á di igi ẹ́ńjìn mú. Tó o bá fẹ́ lọ sọ́tùn-ún, òsì lo máa ti igi yẹn sí. Tó o bá fẹ́ lọ sósì, wàá tì í sọ́tùn-ún. Ọwọ́ á mọ̀ ọ́n tó bá yá. Àmọ́ èjìká ìyá àgbà ti ń dùn ún. Lálẹ́, á ní kí n fi òrí pa á fún òun, á sì ti ilẹ̀kùn kó tó ṣí aṣọ. Kò fẹ́ kẹ́nì kankan mọ̀.

"Tí wọ́n bá gbọ́ pé èjìká mi ti bàjẹ́," ló máa ń wí, "wọ́n á ní kí n gbé ọkọ̀ fún ọkùnrin."

"Wọ́n" yẹn, ẹnì kan ni. Àbúrò ọkọ ẹ̀ ni. Bàbá kékeré là ń pè é. Ọkùnrin gíga ni, bàtà ẹ̀ kì í dún. Wàá kàn gbọ́ "Ẹ kú ilé o" lẹ́yìn ẹ ni. Lẹ́yìn tí wọ́n sin ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tán, ó wá sétí omi, ó fi ẹsẹ̀ wọn ọkọ̀ náà láti orí dé ìdí, ó mi ẹ́ńjìn wò, ó ní, "Ọkọ̀ bùròdá mi yìí ṣì dáa o." Ó bá tiẹ̀ lọ. Kò tún dárúkọ ọkọ̀ mọ́ látọjọ́ náà. Bí kò ṣe dárúkọ ẹ̀ mọ́ yẹn gan-an ló ń dun ìyá àgbà.

"Ẹni tó bá ń fi ẹsẹ̀ wọn nǹkan oníǹkan," ló wí fún mi, "ó ti ń wá ibi tó máa gbé e sí."

Ọjọ́ Jímọ̀ ni bàbá kékeré máa ń wá kí wa, á mú búrẹ́dì dání. Ó kéré sí ìyá àgbà lọ́jọ́ orí dáadáa, àmọ́ inú ilé ni ìyá àgbà ti bá a nígbà tó wọlé ọkọ, torí náà ọkọ ẹ̀ ni. Á kúnlẹ̀ fún un. "Ẹ kú àbọ̀, ọkọ mi." Òun náà á ní, "Ìyàwó, dìde. Ara ńkọ́?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín síra wọn. Tó bá ti lọ, búrẹ́dì yẹn á gun orí àjà.

"Ẹ fún mi ńbẹ̀, ìyá."

"Kó tutù ná."

Búrẹ́dì tó ti tutù kó tó délé wa. Lọ́jọ́ kejì, á kọ́kọ́ bù ú fún ewúrẹ́, á jókòó tì í, á máa wo ojú ẹ̀. Tí ewúrẹ́ ò bá kú, àwa náà á jẹ. Ewúrẹ́ yẹn sanra jù mí lọ.

Kápẹ́ńtà tó ń tún ọkọ̀ ṣe létí omi ló rí i lọ́jọ́ kan bó ṣe ń fi ọwọ́ òsì gbá èjìká ọ̀tún mú. Ó ní oògùn ẹ̀ wà. Ó ní òun máa kan àpótí kan sáàárín ọkọ̀, òun á fi sítíárín lọ́rì sórí ẹ̀. Okùn á yí igi roboto kan ká nínú àpótí yẹn, á gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ méjèèjì lọ fa ẹ́ńjìn. Ìyá àgbà á wá jókòó dáadáa, á kọjú síwájú, á máa yí i bíi dírẹ́bà.

Ìyá àgbà gbọ́. Ó rò ó títí. Ó wá bèèrè pé, "Ẹni tó bá jókòó sáàárín, ta lá máa bá a wo ẹ̀yìn?"

Kápẹ́ńtà ní, "Ta ló wà lẹ́yìn, ìyá? Ẹja ni."

"Ẹja kọ́ ni mò ń bẹ̀rù."

Ni wọ́n bá lọ wá dígí lọ́rì, wọ́n kàn án mọ́ àpótí náà lápá òsì. Nígbà tí sítíárín fúnra ẹ̀ dé, ńlá, dúdú, ó gbé e símú. "Lọ́rì wo ni wọ́n ti yọ ọ́? Ṣé kì í ṣe èyí tó dànù pa èèyàn?"

"Lọ́rì tó gbó ni, ìyá. Ọjọ́ orí ló pa á."

Ọjọ́ tó ki orí bọ abẹ́ àpótí yẹn, nígbà tó jáde, ìyẹ̀ igi ti kún gèlè ẹ̀. Ó wò yíká. Ó rán ọmọ iṣẹ́ kápẹ́ńtà pé kó lọ ra obì wá, obì tí kò fẹ́ jẹ. Ó dúró títí ọmọ yẹn fi yà ní kọ̀rọ̀. Ó wá ní, "Tú okùn yẹn. Yí i sódì."

Kápẹ́ńtà ní, "Sódì báwo?"

"Tí mo bá yí i sósì, kí ọkọ̀ lọ sọ́tùn-ún."

"Háà, ìyá. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ṣe ń ṣe sítíárín."

"Bẹ́ẹ̀ lọwọ́ mi ṣe mọ̀ ọ́n."

"Ẹlòmíì ò ní lè wà á o, ìyá. Èmi gan-an ò ní lè wà á."

Ìyá àgbà gbọn ìyẹ̀ igi kúrò lórí. "Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó dùn mọ́ mi létí látàárọ̀ nìyẹn."

Kápẹ́ńtà họ orí, ó tú okùn, ó yí i sódì. Ìyá àgbà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó ní kí n fi ìka kan ilẹ̀, kí n fi kan ahọ́n, pé mi ò ní sọ. Yẹ̀pẹ̀ etí omi yẹn níyọ̀, ó sì rùn díẹ̀, bí ẹja.

Bá a ṣe wá ń lọ nìyẹn. Òun láàárín, èmi lẹ́yìn, mò ń gbọ́n omi. Ojú ẹ̀ wà nínú dígí, ó ń wò mí.

"Kí lò ń jẹ?"

"Mi ò jẹ nǹkan kan, ìyá."

"Ẹnu ẹ ń lọ."

Orin ni mò ń kọ. Mo dákẹ́.

Lọ́jọ́ kan, ibà mú un. Bó ṣe ń wẹ̀ láàárọ̀, mò ń gbọ́ tí eyín ẹ̀ ń lu ara wọn. Mo ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká má lọ lónìí." Ó ní, "Tá ò bá lọ, wọ́n á bèèrè ìdí tá ò fi lọ." Ó we gèlè, ó so ó le, ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo èèyàn létí omi. Kì í rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ló yẹ kó ta wọ́n lólobó.

Lálọ, kò sí wàhálà. A ra ẹja. Lábọ̀, afẹ́fẹ́ ti ń dìde, omi ti ń ru. Mo gbójú sókè wo dígí, mo rí i pé kò wò mí mọ́. Ojú ẹ̀ ń lọ sókè. Ọwọ́ ẹ̀ yọ̀ lórí sítíárín, òun náà sì yọ̀ wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí bí aṣọ tó já bọ́ lórí okùn. Mo sáré pa ẹ́ńjìn. Ìyẹn nìkan ni mo mọ̀ ọ́n ṣe, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan sítíárín rí. Ìgbì wá ń gbé wa lọ síbi táwọn apẹja ri igi mọ́ omi, igi ṣóńṣó ṣóńṣó, ẹyẹ bà lé wọn lórí. Ọkọ̀ pákó tó bá kọlu ibẹ̀, ó ti lu nìyẹn. Mi ò mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáadáa. Ìyá àgbà ò lè gbé orí.

Mo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì mi, mò ń jù ú lókè. Ọkọ̀ kékeré kan tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà yà sọ́dọ̀ wa. Ẹni tó dìde dúró nínú ẹ̀, bàbá kékeré ni. Kí ló wá ṣe níbẹ̀? Títí dòní, mi ò mọ̀. Kì í ṣe apẹja. Kì í sì í ra ẹja.

Ó gun inú ọkọ̀ wa, ó gbé ọwọ́ lé ìyá àgbà níwájú orí. "Ìyàwó. Ó ti pẹ́ tí nǹkan ti ń ṣe ọ́?"

Ìyá àgbà lajú. "Ẹ kú àbọ̀, ọkọ mi." Mo rí i tó fẹ́ kúnlẹ̀, bó ṣe dùbúlẹ̀ yẹn.

Bàbá kékeré fa okùn ẹ́ńjìn, ó jẹ́. Ó jókòó sídìí sítíárín. Ó ti wa lọ́rì rí, ọkàn ẹ̀ balẹ̀. Ọ̀tún ni Bàrígà wà, ó yí i sọ́tùn-ún. Ọkọ̀ bá lọ sósì, sápá ibi táwọn igi yẹn wà. Ó tún yí i sọ́tùn-ún sí i. Ọkọ̀ tún sún mọ́ igi sí i. Àwọn ẹyẹ ti fò.

"Kí ló ń ṣe ọkọ̀ yìí?" Ó wò mí nínú dígí. "Ìwọ ọmọ yìí, kí ló ń ṣe é?"

Yẹ̀pẹ̀ yẹn ṣì wà lórí ahọ́n mi, mò ń tọ́ ọ wò. Mo wo ìyá àgbà. Òun náà ń wò mí, ojú yẹn ní kí n má sọ ọ́. Mi ò sọ ọ́. Igi ti sún mọ́ wa débi pé mò ń rí ìkarahun tó lẹ̀ mọ́ wọn lára. Ìyá àgbà wá di ojú.

"Òdì ni," ló wí.

"Kí lo wí?"

"Òdì ni wọ́n so ó. Ọ̀tún tẹ́ ẹ̀ ń lọ yẹn, òsì ni kẹ́ ẹ yí i sí."

Ó yí i. Igi ha ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, gàràrà, láti orí dé ìdí, a sì bọ́. Ẹ́ńjìn nìkan ló ń dún. Nígbà tó pẹ́, bàbá kékeré ní, "Ìyàwó, ṣé torí tèmi lo ṣe ní kí wọ́n so ó báyìí?"

Ìyá àgbà ò lajú. "Ẹ máa wo iwájú yín, ọkọ mi."

Mò ń wo ojú bàbá kékeré nínú dígí títí a fi dé Bàrígà. Ojú yẹn ò jọ ojú ẹni tó ń bínú, kò sì jọ ojú ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Mi ò rí nǹkan kan kà níbẹ̀. Ó pọn ìyá àgbà délé. Ó padà lọ so ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ó kó ẹja wá. Kò sí èyí tó dín.

Ọjọ́ tí ìyá àgbà lè dìde dúró, ọ̀pá ló fi rìn lọ bá kápẹ́ńtà. Ó ní, "Tú okùn yẹn. Yí i padà bí tàwọn èèyàn."

Kápẹ́ńtà ní, "Kí ló dé, ìyá?"

"Ó ti mọ òdì báyìí."

Kápẹ́ńtà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí pákó. "Ìyá, ẹni tó gbé yín délé lẹ tún ń ti ilẹ̀kùn mọ́?"

"Òun náà kọ́ ló mọ ibi tí ilẹ̀kùn wà báyìí?"

Látọjọ́ náà, ìyá àgbà fúnra ẹ̀ ló wá ń kọlu èbúté, torí ọwọ́ ẹ̀ ti gba òdì. Bàbá kékeré ò wọ inú ọkọ̀ yẹn mọ́ títí ó fi kú. Bóyá kò fẹ́ ẹ rí. Bóyá ó ń dúró ni. Ìyá àgbà ní ó ń dúró ni. Ọjọ́ Jímọ̀, ó ṣì ń mú búrẹ́dì wá, ewúrẹ́ ló ṣì ń kọ́kọ́ jẹ ńbẹ̀. Àmọ́ ìyá àgbà ò jẹ́ kó sùn lórí àjà mọ́. Bó bá ṣe délé, á bù ú fún ewúrẹ́, á wò ó díẹ̀, á ní ká máa jẹ.

Àwọn ọkọ̀ tó ń lọ ní Bàrígà lónìí, gbogbo wọn ní sítíárín, ọmọdé ń fi ọwọ́ kan wà á. Mi ò bá wọn débẹ̀ mọ́. Àdúgbò Bajulaiye níbí ni mo wà, àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń dún lábẹ́ fèrèsé mi látàárọ̀ dalẹ́. Ọjọ́ tí mo ṣubú nínú yàrá, ìwọ tó ò ń bá mi kọ ìtàn yìí sílẹ̀ lo fi kọ́kọ́rọ́ ń yí ilẹ̀kùn níta. Mò ń gbọ́ ẹ. Ò ń yí i sọ́tùn-ún, ò ń yí i sọ́tùn-ún, ò ń sunkún, o ní kọ́kọ́rọ́ ti bàjẹ́. Mo wà nílẹ̀, ẹnu mi ṣí, mi ò sọ̀rọ̀. Mo wọ́ títí mo fi dé ìdí ilẹ̀kùn, èmi ni mo ṣí i fúnra mi.

Kò bàjẹ́. Nígbà tí wọ́n ń kàn án mọ́ ilẹ̀kùn, èmi ni mo ní kí wọ́n yí i sódì.

Òsì ni. Òsì ni kó o yí i sí.

Má wò mí. Máa kọ̀wé ẹ.