Tọ́ílẹ́ẹ̀tì tí Gàfárù Rà fún Ìyá Múyì

Títí dòní, bí a bá ní ká ka àwọn ọba tó wọ Erunmu tẹ̀yẹtẹ̀yẹ, dandan ni ká ka olóògbé Gàfárù mọ́ wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí tọ́ílẹ́ẹ̀tì ló jókòó sí.

Ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù tí Roheem awakọ̀ ń wà ló jókòó sí, nínú agbádá funfun, ó gẹ fìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwo ìjókòó tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà n'Íbàdàn ló wà lábẹ́ rẹ̀, tó ń dán bí eyín ọmọdé. Kòtò ọ̀nà náà pọ̀ ju ọ̀nà fúnra rẹ̀ lọ, Gàfárù sì ti búra pé bí àwo náà yóò bá fọ́, àfi kí ìdí òun kọ́kọ́ fọ́. Ewúrẹ́ mọ́kànlá tó sùn sójú títì dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn tẹrí ba.

Lèmọ́mù tó ń ti mọ́sáláṣí bọ̀ fọwọ́ bo ẹnu. "Gàfárù! Kí lo jókòó lé yìí?"

"Orúnkún ìyàwó mi ni, Lèmọ́mù!" ni Gàfárù fèsì, ó sì ń juwọ́ lọ.

Òótọ́ ló sì sọ. Ilé amọ̀ tí bàbá bàbá rẹ̀ mọ ni wọ́n ń gbé, ṣáláńgá ẹ̀yìnkùlé ibẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ ilé náà: kòtò kan, pákó méjì, kí èèyàn lóṣòó sáàárín. Láti ìgbà tí orúnkún ti ń dun Mùsílímátù, ìyá Múyì, lílóṣòó kọ́ ni ìṣòro rẹ̀, dídìde ni. Ó wá dọ́gbọ́n sí i. Bí oòrùn bá ti kan àtàrí, kò ní fi omi kan ẹnu mọ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ó rò pé ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Gàfárù ń wò ó, ètè ìyàwó rẹ̀ ń bó bí èèpo iṣu sísun. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá pákó ni.

Nítorí Gàfárù kò gbà pé ohun kan wà láyé tí òun kò lè fọwọ́ ara òun ṣe. Òun ló fi kẹ̀kẹ́ àtijọ́ ṣe ẹ̀rọ tó ń yín àgbàdo. Ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́, àmọ́ àgbàdo ń fò kọjá ògiri ni, adìẹ ilé kejì ló jèrè rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó lu ihò sáàárín àga kan, ó gbé e lé kòtò ṣáláńgá, ó sì lọ dán an wò fúnra rẹ̀. Ikán ti jẹ ẹsẹ̀ àga náà kan. Igbe tó ké, wọ́n gbọ́ ọ ní Lálúpọn. Nígbà tí wọ́n fà á yọ, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó ní: "Àga yẹn ò ní ẹ̀kọ́ ilé."

Bó ṣe di èrò Ìbàdàn nìyẹn. Ní ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta àwo tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ṣe ló ń jókòó sórí wọn ní kọ̀ọ̀kan, ó ń dijú.

"Bàbá, wọn kì í dán an wò o!" ni obìnrin tó ni ìsọ̀ ké.

"Ìwọ, tí o bá fẹ́ ra bàtà, ṣé o kì í wọ̀ ọ́ wò ni?"

Ó jókòó sórí méje. Lórí ìkẹjọ, oorun gbé e lọ. Ìyẹn ló rà.

Dọ̀tun, púlọ́ńbà tó jẹ́ ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, ló wá bá a ṣe é sí yàrá tó ń kó iṣu sí. Ọmọ náà mọṣẹ́. Ó na páìpù, ó fi sìmẹ́ǹtì lẹ àwo mọ́lẹ̀ digbí. Nígbà tó gbẹ, Gàfárù wọlé lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ó wọ̀tún, ó wòsì, ó wá figbe ta bí ẹni tó gbé egungun ẹja mì.

"Dọ̀tun! Ibo lo kọjú nǹkan yìí sí?"

"Ibi tí páìpù wà ni, Bàbá."

"Gábàsì nìyẹn! Ibi tí à ń kọjú sí kírun! Ṣé o fẹ́ kí ìyá rẹ máa ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ kọjú sí Mẹ́kà ni?"

Dọ̀tun dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Ṣé kí n jẹ́ kó kẹ̀yìn síbẹ̀?"

"Ìyẹn náà burú!"

Mùsílímátù fi ọ̀pá tilẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. "Bàbá Múyì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Màá máa fẹ̀gbẹ́ jókòó."

"Bí ẹni tó gun ọ̀kadà? Ìyá Múyì, ẹ̀gbẹ́ kọ́ ni mo rà á fún."

Iṣu ọdún yẹn gbogbo ló ti di àwo náà. Bó bá fọ́, kò sí òmíràn mọ́ nìyẹn, ó di ṣáláńgá. Gàfárù kò jẹ́ kí Dọ̀tun fọwọ́ kàn án. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ló ń fi irin ṣóńṣó ha sìmẹ́ǹtì, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ṣa eegun inú ẹja fún ọmọ ọwọ́, ó sì ń bẹ̀ ẹ́: "Rọra, ọmọ Ìbàdàn, rọra." Nígbà tí àwo náà ṣí, kò là, kò sán. Gàfárù gbá a mọ́ra, Dọ̀tun sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bèèrè orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, kó tó tún un lẹ̀ mọ́lẹ̀, kó kọjú rẹ̀ sí àríwá.

Ọjọ́ tí Mùsílímátù kọ́kọ́ wọ ibẹ̀, gbogbo agbo ilé ló dúró sẹ́yìn ìlẹ̀kùn.

"Ìyá Múyì, ṣé ó gbà ọ́?"

"Ẹ kúrò níbẹ̀!"

"Orúnkún ńkọ́?"

"Bàbá Múyì, mo ní ẹ kúrò níbẹ̀!"

Omi ṣàn gbàà. Ó jáde, ó lọ tààrà sídìí àmù, ó bu omi, ó mu ún tán, ó tún bu òmíràn. Oòrùn ti wọ̀ nígbà náà. Gàfárù kọjú sí ògiri, ó ní èéfín kó sí òun lójú. Kò sẹ́ni tó ń dáná.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Gàfárù dolóògbé, lọ́jọ́ Jímọ̀. Mùsílímátù kò ti ìlẹ̀kùn tọ́ílẹ́ẹ̀tì náà pa. Àràárọ̀ ni àwọn ìyá àgbà agbo ilé, tí orúnkún tiwọn náà ń ké, ń wá síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. A kì í pe orúkọ Ọlọ́run nínú ilé ìyàgbẹ́, nítorí náà wọn a pa á mọ́nú títí wọn yóò fi ṣe tán. Bí ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn bá ti tẹ ìta báyìí: "Ọlọ́run, fi àlùjánnà kẹ́ Gàfárù o!" Kò sí òkú mìíràn ní Erunmu tó ń gba àdúà tó bẹ́ẹ̀.

Mùsílímátù a sì rẹ́rìn-ín músẹ́ níbi tó jókòó sí. "Àmín o. Ẹ kú ìrọ̀rùn."