Ẹ̀rín Ọ̀gá Lójú Ọ̀nà

Ẹ̀rín ọ̀gá máa ń kó Oníbodè nírìíra. Kì í ṣe pé wọ́n jà o. Ẹ̀rín náà fúnra rẹ̀ ni, eyín funfun gbàlàjà tó máa ń kún inú fọ́tò rẹ̀ lójú fóònù bí ẹni ń polówó ọṣẹ ìfọyín. Obìnrin ni Oníbodè, ilé ìwòsàn ojú ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń bójú tó ibi tí àwọn aláìsàn ti ń fi ọ̀rọ̀ aṣínà wọ ìkànnì ilé ìwòsàn náà lórí fóònù, ìdí nìyí tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Oníbodè. Ó fẹ́ràn orúkọ náà. Oníbodè tó mọṣẹ́ á bi ọ́ pé ta ni ọ́, á sì jẹ́ kí o máa bá tìrẹ lọ.

Bó ṣe ṣe ìkànnì náà nìyẹn. Bí aláìsàn bá tẹ líǹkì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i, láti fọwọ́ sí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ rẹ̀, ìkànnì á ní kó kọ́kọ́ wọlé, á rántí ibi tó ń lọ, á sì gbé e débẹ̀. Àfi bí ọ̀gá ṣe dé tòun ti fọ́tò ẹ̀rín rẹ̀ tuntun, tí wọ́n kọ "Ẹ káàbọ̀" gàdàgbà sí lára.

"Gbogbo ẹni tó bá wọlé, ọ̀dọ̀ mi ni kó kọ́kọ́ yà."

"Sà, wọn ò ní mọ bí wọ́n ṣe máa débi tí wọ́n ń lọ mọ́."

"Ṣé ó burú ká kí èèyàn káàbọ̀ ni?"

Wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Oníbodè jẹ́ tirẹ̀ bí ẹrú gan-an. Ó gbé fọ́tò náà síbẹ̀; ẹni tó bá wọlé, ibẹ̀ ló ń já sí, ìkànnì ò gbé e dé ibi tó ń lọ mọ́.

Awọ funfun ti bo ojú ìyá Oníbodè, ó sì pẹ́ tí wọ́n ti ń retí bẹ́ẹ̀dì fún iṣẹ́ abẹ. Nígbà tó kàn wọ́n, àtẹ̀jíṣẹ́ dé: kí ìyá tẹ líǹkì, kó fọwọ́ sí i kí ilẹ̀ tó ṣú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó di ti ẹlòmíì. Oníbodè pè é láti ibi iṣẹ́.

"Màámi, ṣé ẹ ti ṣe é?"

"Mo ti ṣe é jàre. Gbájú mọ́ṣẹ́ ẹ."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Oníbodè mú ìyá rẹ̀ dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì mi orí. "Màmá, ẹ ò fọwọ́ sí i. A ti fún ẹlòmíì. Ó di oṣù mẹ́fà."

"Kí lo wí? Ṣebí wọ́n kí mi káàbọ̀! Èmi náà kí wọn padà, mo wá pa fóònù."

Ọwọ́ ara rẹ̀ kó Oníbodè nírìíra, torí òun ló fi gbé fọ́tò yẹn síbẹ̀. Àsìkò yẹn gan-an ni ọ̀gá ń kọjá, eyín síta.

"Màmá, ẹ káàbọ̀ o! Ṣé ẹ rí fọ́tò mi? Ó dáa, àbí?"

Ìyá kọjú síbi tí ohùn ti wá. "Mi ò lè mọ̀, ọ̀gá. Mo kàn rí i pé ẹnì kan dúró níwájú mi."

Oníbodè fa ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ lọ sí yàrá iṣẹ́ rẹ̀, ó fi í jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ohun tí ọ̀gá ní kó ṣe palẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà.

"Kí lò ń ṣe?"

"Mò ń ṣí ọ̀nà, Màámi."

"Fún mi?"

"Rárá, mà. Fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín."