Hóró Pómégíránétì Tí Dírẹ́bà Ilé Ẹ̀kọ́ Kà Lẹ́ẹ̀mejì

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti ń wa bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́, kò sì gbàgbé ọmọ kankan sọ́nà rí. Àwọn ọmọ náà ló sọ ọ́ ní Ó-Ku-Mélòó, nítorí ìbéèrè tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Bí wọ́n bá ti ń wọlé ni yóò máa kà wọ́n lẹ́nu ọ̀nà. Bí wọ́n bá jókòó tán, yóò tún dìde kà wọ́n láti ẹ̀yìn wá síwájú. Bí iye méjèèjì kò bá dọ́gba, ọkọ̀ ò ní gbéra, àní bí òjò ń rọ̀ tí ọ̀gá àgbà sì ń kan fèrèsé. Lọ́jọ́ kan, ó ka mẹ́tàlélógójì lẹ́nu ọ̀nà, ó ka mẹ́rìnlélógójì nínú ọkọ̀. Ó wá ọmọ àlejò yẹn títí òógùn fi bò ó. Ọmọbìnrin kan tí eyín iwájú rẹ̀ ti yọ ló ràn án lọ́wọ́: "Dírẹ́bà, ṣé kì í ṣe ara yín lẹ kà mọ́ wa nínú dígí?" Òótọ́ ni.

Oṣù tó kọjá ni wọ́n ṣe àyẹ̀wò ọdọọdún fún àwọn awakọ̀. Nọ́ọ̀sì we aṣọ ẹ̀rọ mọ́ ọn lápá, ó fọn ún, ó wò ó, ó tún fọn ún. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ó ti ga dé 165. Ìwé tí ilé ẹ̀kọ́ kọ sí i kò gùn rárá: ọ̀sẹ̀ méjì ló ní. Bí ó bá ṣì ju ogóje lọ nígbà náà, kó dá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ padà, kó wá máa ṣọ́ géètì. Ọdún méjì péré ló sì kù kó fẹ̀yìn tì.

Ó sọ fún mi pé, "Àbúrò, ṣé kí n jókòó sí géètì, kí ẹlòmíràn máa kó àwọn ọmọ mi kọjá níwájú mi, kí n má mọ iye wọn?"

Nọ́ọ̀sì ti fún un ní oògùn, ó ní kó dín iyọ̀ kù, kó máa rìn láràárọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní ṣé kò sí nǹkan jíjẹ tí òun lè fi tì í lẹ́yìn.

Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ wá pómégíránétì, Bàbá. Omi inú rẹ̀ máa ń jẹ́ kí iṣan ẹ̀jẹ̀ dẹ̀ díẹ̀, bí ẹ bá sì rún hóró rẹ̀ mọ́ ọn, inú yín á máa lọ dáadáa. Mo ti wo oògùn yín, kò sí ìjà láàárín wọn. Oògùn mìíràn wà tí kì í fẹ́ rí i sójú. Ẹ jẹ ààbọ̀ ẹyọ kan lójúmọ́. Ṣùgbọ́n kò gba ipò oògùn o!"

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, "ààbọ̀" ni ẹ̀gbọ́n mi gbọ́.

Èmi ò rí èso yẹn rí. Inú ìwàásù ni mo ti ń gbọ́ orúkọ rẹ̀, pé wọ́n ṣe àwòrán rẹ̀ sí etí aṣọ àlùfáà àgbà, tí agogo wúrà wà láàárín wọn. Mo ti máa ń rò pé ó jọ ọsàn. Ìgbà tí mo fojú kàn án, àlùbọ́sà pupa tó dé adé ni.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni ìyàwó wa pè mí lórí fóònù.

"Eyínafẹ́, ẹ máa bọ̀ o. Ẹ̀gbọ́n yín wà lábẹ́ tábìlì."

"Yéè! Ṣé wọ́n ṣubú ni?"

"Wọn ò ṣubú. Hóró méjì ni wọ́n ń wá."

Nígbà tí mo dé, gìgísẹ̀ rẹ̀ nìkan ló wà níta. Lórí tábìlì, ó ti to hóró pómégíránétì sórí àwo funfun ńlá ní méjìméjì bí àga ọkọ̀, ó fi ọ̀nà sílẹ̀ láàárín. Àwọn tí àwọ̀ wọn ti ṣá ló wà níwájú. Ó ní ara wọn ò yá, kí òun lè máa ṣọ́ wọn. Ìdí ni pé nígbà tó la èso náà sí méjì, apá kan tóbi ju èkejì lọ, ìyẹn kì í sì í ṣe ààbọ̀. Ló bá tú gbogbo rẹ̀ jáde láti pín in dọ́gba. Ó kà á: ẹgbẹ̀ta ó dín mẹ́tàlá. Ó tún un kà láti ẹ̀yìn: ẹgbẹ̀ta ó dín mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

"Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

"Bá mi wo abẹ́ àga yẹn. Méjì ti bọ́."

"Ẹ jẹ àwọn tó kù."

"Kí n máa lọ láìmọ ibi tí méjì wà? Báyìí gan-an ni wọ́n ṣe ń gbàgbé ọmọ sílé epo!"

Ìyàwó wa nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀. "Bàbá, ẹ má wá a mọ́. Èmi ni mo jẹ ẹ́."

Orí ẹ̀gbọ́n mi jáde lábẹ́ tábìlì díẹ̀díẹ̀. "O jẹ méjì?"

"Mo kàn fi tọ́ ọ wò ni."

"O jẹ ọmọ ọlọ́mọ!"

Ìyàwó wa rẹ́rìn-ín títí ó fi dì mọ́ fíríìjì. Mo fẹ́ bá a wí, ẹ̀rín ló gba ẹnu mi. Ẹ̀gbọ́n mi kò rẹ́rìn-ín. Ó fa ẹ̀rọ tí ọmọ rẹ̀ rà fún un yọ, ó wọn ara rẹ̀: 172.

"Ẹ ò rí i bí? Èso ayédèrú ni. Ó ń gbé e sókè ni!"

Mo ní, "Bọ̀dá, Ẹni tó ka gbogbo irun orí yín ti ka èyí náà. Kò bẹ̀ yín pé kí ẹ bá Òun tún un kà."

Ó fọwọ́ pa orí rẹ̀ tó ń dán. "Irun tèmi ò le kà. Wò ó."

Lọ́jọ́ kẹta, hóró tó ṣẹ́ kù láìní ẹnìkejì, abẹ ìfárùngbọ̀n ló fi là á sí méjì. Lọ́jọ́ kẹrin, ó dìde láàárín òru lọ wo àwo bóyá àwọn tó kù lánàá ṣì pé. Oògùn ń lọ, ìrìn ń lọ, iyọ̀ ti kúrò nínú ọbẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ń gòkè. Mo gba ààwẹ̀ ọjọ́ kan. Mo sì sọ fún Olúwa kí ó má bínú pé ọ̀rọ̀ hóró èso ni mo gbé wá.

Ìyàwó wa ló rí ọ̀nà. Bí àwọn ọmọ bá ń lọ ìrìn àjò, olùkọ́ wọn máa ń kọ iye wọn sínú ìwé, á fọwọ́ sí i, á gbé e fún dírẹ́bà. Bó bá ti fọwọ́ sí i, dírẹ́bà ò tún kà mọ́; ọrùn olùkọ́ ló wà. Nítorí náà, ìyàwó wa jókòó sílé ìdáná, ó ya hóró sínú abọ́, ó fi ọmọrí dé e, ó fi ìwé kékeré kan lé e lórí: *Gbogbo wọn pé.* Ó fọwọ́ sí i nísàlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ka ìwé náà, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. "Ṣé o kà wọ́n?"

"Mo fọwọ́ sí i."

Irọ́ kọ́ ló pa. Ìbéèrè kan ni wọ́n bi í, òmíràn ló dáhùn. Mo ti bá a tọrọ ìdáríjì síbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi mú ṣíbí, ó jẹun. Ó jẹ ẹ́ lọ́jọ́ kejì, ó jẹ ẹ́ lọ́jọ́ kẹta. Oorun rẹ̀ padà, inú rẹ̀ tó ti yan ọ̀dì láti ọjọ́ pípẹ́ sì gbà láti bá a rẹ́. Ìyẹn nìkan tó ọpẹ́.

Lọ́jọ́ tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la lọ. Nọ́ọ̀sì fọn ẹ̀rọ, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Méjìdínlógóje! Bàbá, ẹ kú oríire."

Ìyàwó wa gbé ọwọ́ sókè, "Ọlọ́run, o ṣeun!" Ó ti dìde tán. Ẹ̀gbọ́n mi ò dìde.

"Ẹ tún un kà."

"Bàbá, ó ti wálẹ̀."

"Ohun tí èèyàn kà lẹ́ẹ̀kan, kò tíì kà á."

Nọ́ọ̀sì tún un fọn. Méjìlélógóje.

Ìyàwó wa ń wo ọkọ rẹ̀ bí ẹni tó ń wá ibi tí yóò ti kọ́kọ́ bù ú jẹ. Mo di ojú mi, mo ń gbàdúrà.

Nọ́ọ̀sì kọ méjèèjì sílẹ̀. "Ó dáa. Bí a bá ti wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ṣe là ń pa á pọ̀, ká sì pín in sí méjì." Ó gbé gègé rẹ̀ sókè. "Ogóje géérégé."

Ìyàwó wa béèrè pé, "Kí ni ìwé ilé ẹ̀kọ́ wí?"

"Kó má ju ogóje lọ."

"Ó jù ú bí?"

"Kò jù ú." Nọ́ọ̀sì lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn. "Bàbá, ẹ máa wa ọkọ̀ yín. Ẹ má fi oògùn sílẹ̀, ẹ sì máa jẹ èso yín."

Ẹ̀gbọ́n mi tún ti na apá. "Nọ́ọ̀sì, ẹ̀ẹ̀kẹta ńkọ́? Torí pé tí méjì àkọ́kọ́ ò bá ti bára mu..."

Ìyàwó wa ti fa kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Èmi ti ki ìwé náà bọ àpò, mo ti wà níta.